Jẹ́léósinmi ìjọba ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: ṣé torí pé ọ̀fẹ́ ni la ṣe ń sá fún un?

Orúkọ tí Yorùbá fún iléèwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti tú àṣírí ohun tí à ń rò nípa rẹ̀. Jẹ́léósinmi, ìyẹn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ìyá fẹ́ lọ sọ́jà, bàbá ti jáde, ọmọ ń da omi sílẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ bá wa mú un lọ síbì kan kí ilé rímú mí. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀. Ilé ló ń sinmi. Ọmọ ńkọ́?

Mi ò bú ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ o. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá wà, ẹni tó ti gbé irú ẹ̀ rí mọ̀ pé ó yẹ kó sinmi lóòótọ́. Àmọ́ èrò tó wà nínú orúkọ yẹn ni ìjọba náà ti ń bá bọ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá dúró sójú títì ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yálà ní Ìjàpó ni o, ní Òkè-Àró tàbí lọ́nà Ọjà Ọba, ẹ óò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó ọmọ mẹ́rin, márùn-ún, pẹ̀lú táì, ìbọ̀sẹ̀ funfun àti báàgì tó fẹ̀ ju ẹ̀yìn wọn lọ. Àdúgbò kan lè ní pátákó iléèwé aládàáni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn máa pe ara ẹ̀ ní "International" nígbà tó jẹ́ pé ilé gbígbé oníyàrá mẹ́rin ni wọ́n sọ di kíláàsì. Ìlú Oǹdó náà ò yàtọ̀, láti Yaba dé Sabo. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí tí ọjọ́ orí wọn kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ kò mọ̀ ni pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ní òpópónà kan náà lè ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọn ò sì ní í gba owó iléèwé. Àwọn tó mọ̀ náà, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́ lórí WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé pé ibẹ̀ lọmọ àwọn ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 1977, wọ́n dárúkọ jẹ́léósinmi, wọ́n yìn ín, wọ́n sì gbé e lé aládàáni lọ́wọ́. Ìjọba ní tòun ni kóun ṣe ìlànà, kóun dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kóun sì máa yọjú wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 2004, tí òfin UBE fi dé, tó ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n tún ṣe ní kí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba máa ní ẹ̀ka jẹ́léósinmi. Ní 2013, wọ́n tún fi kún un: ọdún kan ṣáájú praimárì kìíní, fún ọmọ ọdún márùn-ún, di ara ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gan-an. Ohun tí wọ́n ń pè ní 1-6-3-3-4 nìyẹn. Ení tó wà níwájú yẹn là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ kà á dópin o. Láti ọjọ́ ìkómọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́rin, ìlànà ọ̀hún ṣì fi í sílẹ̀ fún aládàáni àtàwọn tó ń ṣètọ́jú àwùjọ. Ẹ wá wò ó: ìyá tó ń ta tòmátò lọ́jà, oṣù mélòó ló fi lè gbé ọmọ pọ̀n kí ó tó wá ibi tí yóò fi í sí? Kò lè dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí ìjọba bá fi máa ní kó mú ọmọ wá, ọmọ náà ti lo ọdún méjì, mẹ́ta lọ́dọ̀ aládàáni, ó ti ní ọ̀rẹ́, ó ti ní yúnífọ́ọ̀mù, ìyá ẹ̀ sì ti mọ ojú àǹtí tó ń kọ́ ọ. Kí ló máa mú un yọ ọ́ níbẹ̀? Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún tìjọba fi ń ṣófo láwọn àdúgbò kan nílùú ńlá, tí àwọn èèyàn á sì máa sọ pé torí pé kò dára ni.

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, praimárì kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, ló kọ àbá ètò náà fún ẹgbẹ́ wọn: Adékúnlé Ajásin, olùkọ́, tó padà di gómìnà ní 1979. Àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà ṣì máa ń rántí bí wọ́n ṣe ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Tí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ dàgbà. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ni ọmọ náà fẹ́ máa ṣe nílé. Ìdáhùn rẹ̀ hàn nígbà náà: agbo ilé wà, ìyá àgbà wà, àlọ́ wà lálẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n méje sì wà tí wọ́n á kọ́ ọ ní kíkà pẹ̀lú ọmọ ayò. Lónìí, yàrá kan àti pálọ̀ ni tọkọtaya ń gbé ní Ìjọ̀kà, ìyá ọkọ wà lábúlé, ìyá ìyàwó ti lọ bá àbúrò ẹ̀ tó bímọ l'Ékòó. Fóònù ló ń sọ àlọ́. Agbo ilé ti tú, àmọ́ ìlànà ìjọba ṣì ń hùwà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

Ní àwọn ìlú kéékèèké, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ẹ kúrò ní ìlú Oǹdó, ẹ forí lé ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró tó jẹ́ olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, kẹ́ ẹ yà sáwọn abà kòkó tó wà káàkiri. Aládàáni kì í fẹ́ lọ síbi tí owó iléèwé kò ti lè wọlé lóṣooṣù. Àgbẹ̀ kòkó ń rówó lásìkò tí kòkó bá jáde. Nígbà tí kò bá sí kòkó, gbèsè ni. Nítorí náà, tí iléèwé ìjọba kò bá ní kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún níbẹ̀, ọmọ á tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ sóko ni, tàbí kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ praimárì kìíní, kó jókòó sẹ́yìn, kó máa sùn. Ẹni tó bá ti ṣe agùnbánirọ̀ lábúlé ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ kò sí nínú rẹ́jísítà, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń wá.

Àjọ UNICEF sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí ọdún márùn-ún, bíi 36 péré ló ń rí ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ gbà. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká tọpa owó.

Òfin 2004 ní kí ìpín 2 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ máa lọ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tiẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye tó bá a dọ́gba sílẹ̀. Nínú ìlànà tí UBEC fi pín owó ọ̀hún fún ọ̀pọ̀ ọdún, praimárì gba 60 nínú 100, sẹ́kọ́ńdìrì kékeré gba 35, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gba 5. Náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n á fi kọ́ kíláàsì, tí wọ́n á fi ra ẹní àti ohun ìṣeré, tí wọ́n á tún fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọmọ kékeré lè lò láìbẹ̀rù kó má jìn sínú kòtò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oúnjẹ. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, praimárì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà ní kíláàsì kejì sí wọn, nínú ọgbà kan náà, kò sí nínú ìṣirò. Ó ń gbọ́ òórùn ìrẹsì. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹun. Ẹni tó kọ ètò yẹn lórí tábìlì l'Ábújá lè má ronú débẹ̀, àmọ́ olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì yẹn mọ̀ ọ́n, torí òun ni ọmọ máa sunkún sí lára.

Ní ti olùkọ́, ibí gan-an ni mo ti fẹ́ kí àwọn òbí ọ̀dọ́ dúró díẹ̀. Ìlú Oǹdó kì í ṣe ìlú tó yẹ kó wá olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1960, ó ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí báyìí, ẹ̀kọ́ nípa ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní ní Nàìjíríà. Nínú ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni kéékèèké, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC, tó ń dúró de JAMB, ni wọ́n ń fi síwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó lè ní sùúrù, ó lè nífẹ̀ẹ́ ọmọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Owó tí wọ́n ń fún un náà, kì í sábà súnmọ́ 73,000 náírà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Tí a bá ń sọ ti ìwé ẹ̀rí nìkan, olùkọ́ ìjọba ló ń borí.

Kí ló wá dé tí àwọn òbí kò fi gbà? Ìdáhùn wọn kò ṣòro: aládàáni á pè ọ́ lórí fóònù tí ọmọ rẹ bá ń gbóná, wọ́n á dá a dúró títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó o fi tibi iṣẹ́ dé, olùkọ́ wọn kì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ní 2016, oṣù mélòó kan ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fi jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó, olùkọ́ sì wà lára wọn. Òbí tó rántí ọdún yẹn kò ní í gbàgbé kíákíá. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ní tiwọn ń ṣàníyàn, torí wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láwọn ọdún 1990, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ praimárì wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó bá kan owó oṣù olùkọ́ praimárì, kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún ni yóò kọ́kọ́ fara gbá, torí olùkọ́ ibẹ̀ ni ọ̀gá iléèwé máa kọ́kọ́ fà yọ tí praimárì kẹfà kò bá ní olùkọ́.

A ti rí i ní ìpínlẹ̀ yìí pé ojú òbí lè yí padà. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímìkó, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, láàárín 2009 sí 2017, wọ́n kọ́ àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n pè ní Mega School sí Àkúrẹ́, Oǹdó àtàwọn ìlú mìíràn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ náà wà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gba ìgboro nígbà náà ni pé àwọn òbí kan ń yọ ọmọ wọn kúrò ní aládàáni. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí iye tí wọ́n ná sí i, mi ò sì dá àwọn tó bèèrè lẹ́bi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé òbí Nàìjíríà kò kórìíra ọ̀fẹ́. Ohun tó kórìíra ni kí wọ́n fi ọ̀fẹ́ rí òun fín.

Ó ku ọ̀rọ̀ "ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa níléèwé." Kí la fi ń mọ̀? Ní ọ̀pọ̀ ilé, tí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ti ka A dé Z, tó kọ̀ láti sọ Yorùbá, tí wọ́n sì ti wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dúdú sí i lọ́rùn pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin (ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ọmọ jẹ́léósinmi kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ẹ̀ gan-an?), owó iléèwé ti lérè nìyẹn.

Gánà tó wà nítòsí wa ti gbìyànjú rẹ̀ jù wá lọ. Láti 2007 ni wọ́n ti sọ jẹ́léósinmi ọdún méjì di ara ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan. Láàárín 2015 sí 2016, Sharon Wolf àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní iléèwé 240, tìjọba àti aládàáni, ní agbègbè Accra. Ní apá kan nínú àwọn iléèwé náà, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n máa fi eré kọ́ ọmọ. Ní apá kejì, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún pe àwọn òbí sípàdé láti ṣàlàyé fún wọn pé eré ni ọmọ fi ń kọ́ nǹkan. Apá kẹta kò rí nǹkan kan gbà. Níbi tí wọ́n ti dá olùkọ́ nìkan lẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì sunwọ̀n sí i, ọmọ náà sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti pe òbí mọ́ ọn, èrè tó yẹ kí ọmọ jẹ pòórá! Gbogbo èèyàn ló rò pé òbí ni yóò tì í lẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé àwọn òbí gbọ́ pé wọ́n fẹ́ máa ṣeré, wọ́n ní "eré kẹ̀?", wọ́n sì wá nǹkan mìíràn ṣe fún ọmọ nílé. Tí wọ́n bá ṣe irú ìpàdé yẹn l'Ákùúrẹ́ lọ́la, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n á sọ.

Lókè òkun, àpẹẹrẹ tí gbogbo onímọ̀ máa ń mú wá ni ti Perry ní ìlú Ypsilanti, ní Michigan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ilé tálákà. 58 lọ sí jẹ́léósinmi, ìyókù kò lọ. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Agbára tí wọ́n fi ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò ọpọlọ parẹ́ láàárín ọdún díẹ̀. Ká ní ìdánwò nìkan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọn ì bá ti sọ pé owó ṣòfò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn tó lọ ń rówó jù, ọlọ́pàá kì í sì í sábà mú wọn bí àwọn tí kò lọ. Ẹ má gbàgbé ohun kan ṣá: olùkọ́ kan sí bí ọmọ mẹ́fà ni, olùkọ́ sì ń lọ bẹ ìyá ọmọ wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlànà tiwa ní Nàìjíríà ní olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Ẹ lọ ka iye tó wà níbi tẹ́ ẹ mọ̀.

A ò ní láti rìn jìnnà tó Michigan pàápàá. Ní Modákẹ́kẹ́, ìrìn wákàtí díẹ̀ sí Oǹdó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 ní iléèwé St. Stephen's: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá yìí di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, ní 1990.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè ìyá ọmọ jẹ́ èdè ìkọ́ni títí dé òpin praimárì. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà Túnjí Alausa fagi lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni o, láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ èdè kò rọrùn bí àwa olólùfẹ́ Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́. Ọmọ Oǹdó ń sọ ẹ̀ka èdè Oǹdó nílé, Yorùbá inú ìwé jẹ́ ohun tuntun sí i. Nínú abà kòkó, ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Ìgbò àtàwọn tó wá láti Bẹ́núé wà lórí ẹní kan náà. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni yóò mọ bí yóò ṣe lò ó. Àmọ́ láti jókòó l'Ábújá kí a wá sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún ní Bọ́lọ́rundúró pé èdè tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé ni yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Olùkọ́ á máa sọ Yorùbá náà ni. Á kàn máa bẹ̀rù nígbà tí alábẹ̀wò bá dé.

Ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, mo rọ̀ ọ́ kó o lọ wo iléèwé ìjọba tó súnmọ́ ọ kó o tó san owó sí ibòmíràn. Má lọ láàárọ̀ tí wọ́n ń kọrin lórí ìlà. Bíi aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni kó o lọ. Ka àwọn ọmọ. Bèèrè ohun tí olùkọ́ wọn kọ́ níléèwé gíga, bóyá ẹ̀kọ́ nípa ọmọ wẹ́wẹ́ ni àbí òun ló kàn ṣẹ́ kù tí wọ́n rí. Wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wò ó bóyá ọmọ ń fọwọ́ kan nǹkan, amọ̀, ìdérí ìgò, òkúta, tàbí ńṣe ni gbogbo wọn ká ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n ń pariwo tẹ̀ lé olùkọ́. Irú ariwo yẹn kan náà pọ̀ ní aládàáni, kó o má bàa rò pé ìjọba nìkan ni. Ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé tí wọ́n ń pè ní SBMC yẹ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé gbẹ̀yìn.

Tí kò bá dára, má fi ọmọ rẹ síbẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi jà fún ìlú. Ṣùgbọ́n ìwọ tó lè sanwó kó o sì kọjá lọ, fi fóònù rẹ bèèrè ohun tí ìyá tó wà ní abà kòkó kò lè bèèrè. Kí àjọ SUBEB ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ ọ́ síta, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú méjìdínlógún: iléèwé mélòó ló ní kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún, mélòó nínú wọn ló ní olùkọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, mélòó ló ní omi. Kò ju ojú ìwé méjì lọ.